Kẹ́ Ẹ Tó Kówó Lé Mọ́tò Oníná, Ẹ Yẹ Bátìrì Rẹ̀ Wò

Olóòtú, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi fi ọ̀rọ̀ yìí síbi tójú gbogbo ọlọ́jà á ti tó o. 

Ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023 ni Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti dópin. Láti ọjọ́ náà ni kálukú ti ń ṣírò owó epo kó tó jáde nílé. Epo tí lítà rẹ̀ ò tó 200 náírà ní ọ̀pọ̀ ilé epo tẹ́lẹ̀, kí ọdún 2024 tó parí, ó ti kọjá 1,000 náírà. Àmọ́ àwọn àgbà ní bí a bá ń sunkún, à máa ń ríran. Àwọn èèyàn ti bẹ̀rẹ̀ sí í wojú mọ́tò tí kì í mu epo rárá, èyí tó jẹ́ pé iná là ń fi sí i bí ẹni fi iná sí fóònù. Tọ́kùnbọ̀ rẹ̀ sì ti ń wọlé, owó àwọn kan nínú wọn ò sì fi bẹ́ẹ̀ ga.

Réwáyà ni mí, Abẹ́òkúta ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ó sì ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tí mo ti ń tún iná mọ́tò ṣe. Kò sí ọ̀sẹ̀ kan báyìí tẹ́nì kan ò ní yà sí ṣọ́ọ̀bù mi láti bi mí pé: "Bàbá réwáyà, kí ni kí n máa wò lára mọ́tò oníná tówó mi bá ká?" Ìdáhùn mi ò gùn. Bátìrì ni. Bátìrì gan-an ni mọ́tò náà, gbogbo èyí tó kù, ẹ̀ṣọ́ ni. Ẹni tó ra mọ́tò oníná tí bátìrì rẹ̀ ti rẹ̀, ìkòkò tí ìdí rẹ̀ ti lu ló rà, bó ti wù kó dán tó.

Ìdí tí mo fi ń sọ bẹ́ẹ̀ nìyí. Bí ẹ́ńjìnnì mọ́tò elépo bá bàjẹ́, ẹ lè gba Ládìpọ̀ lọ, kẹ́ ẹ ra tọ́kùnbọ̀ ẹ́ńjìnnì, kí mẹkáníìkì gbé e sí i, ó parí. Ti mọ́tò oníná ò rí bẹ́ẹ̀. Bátìrì Nissan Leaf àkọ́kọ́, èyí tó wọ́pọ̀ nínú àwọn tówó wọn wálẹ̀, sún mọ́ 300 kìlò, abẹ́ ikùn mọ́tò ló sì wà. Tó bá kú, owó òmíràn lè tó owó tẹ́ ẹ fi ra odindi mọ́tò náà. Ohun tó tún burú ni pé kì í kígbe. Mọ́tò elépo tó ti ń ṣàìsàn á máa kọ́, á máa yọ èéfín, a ó ti gbọ́ ọ láti òkèèrè. Ṣùgbọ́n mọ́tò oníná tí bátìrì rẹ̀ ti gbó á máa lọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí ẹni tó wọ léèsì lọ sóde, tí gbèsè sì kún ọrùn rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ àbúrò mi obìnrin ló jẹ́ kí n kọ̀wé yìí. Adìrẹ ló ń tà ní Ìtòkú. Ó ti dá àjọ fún ọdún méjì, ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wọn sì ti gbà láti yá a ní ìyókù. Ó rí Leaf ọdún 2012 kan lọ́wọ́ oníṣòwò mọ́tò, funfun báláú, inú rẹ̀ mọ́ tónítóní. Ó ní, "Bọ̀dá mi, ẹ wá bá mi wò ó kí n tó sanwó o."

Mo bi í pé, "Ibo lo fẹ́ máa fi lọ?"

Ó ní, "Ọjà ni lójoojúmọ́, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ mà á sì fi lọ ra aṣọ funfun tá à ń pa láró wá látÈkó."

Mo bá a lọ. A tan mọ́tò, mo wo dáṣíbọ́ọ̀dù. Lára Leaf yìí, ilà kéékèèké 12 ló wà lápá ọ̀tún, lẹ́gbẹ̀ẹ́ géèjì iná. Àwọn ilà yìí ló ń sọ bí ara bátìrì ṣe le tó, kì í ṣe iye iná tó wà nínú rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ilà àkọ́kọ́ kì í lọ àfi tí bátìrì bá ti pàdánù bí ìdá 15 nínú 100 agbára rẹ̀, ìkọ̀ọ̀kan tó bá tún lọ lẹ́yìn náà sì jẹ́ bí ìdá 6. Èyí tí a rí, ilà 8 ló kù. Ìyẹn ni pé nínú agbára mẹ́ta tó ní nígbà tó wà ní tuntun, bíi méjì péré ló ṣẹ́ kù.

Ẹ jẹ́ ká wá ṣírò o. Nígbà tí Leaf àkọ́kọ́ yẹn jáde, ìjọba Amẹ́ríkà wọ̀n ọ́n, wọ́n ní tí iná bá kún inú rẹ̀, á lọ tó kìlómítà 117. Tí bátìrì bá wá ku ìdá méjì nínú mẹ́ta, bíi kìlómítà 78 nìyẹn. Láti Abẹ́òkúta dé àárín Èkó tó nǹkan bíi kìlómítà 100. Àbúrò mi ò ní dé Èkó, ká má tiẹ̀ wá sọ pé á kó ẹrù padà wálé. Ojú ọ̀nà ni ì bá ti dúró tòun ti aṣọ.

Oníṣòwò náà ní, "Bàbá, ẹ má da ara yín láàmú, mọ́tò yìí ń sáré dáadáa." Òótọ́ ló sọ, ó ń sáré. Ṣùgbọ́n sísáré yàtọ̀, dídé ibi tí à ń lọ náà yàtọ̀.

Inú àbúrò mi bàjẹ́. Ọkọ rẹ̀ tiẹ̀ sọ pé mo ti ba ọjà jẹ́ mọ́ wọn lọ́wọ́. Nígbà tó yá, òun fúnra rẹ̀ bi mí pé, "Bọ̀dá mi, ṣé mọ́tò oníná ò dáa ni?" Mo ní, "Ó dáa. Ọ̀nà tìẹ ló jù ú lọ." Kò sanwó náà. Owó rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ ẹgbẹ́, ó sì ń wá èyí tí bátìrì rẹ̀ tóbi jù bẹ́ẹ̀. Leaf ti ọdún 2018 tó gba iná yúníìtì 40, kìlómítà 243 ni wọ́n wọ̀n ọ́n sí ní tuntun. Orúkọ kan náà, àmọ́ ọmọ ọ̀tọ̀ ni.

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ máa yẹ̀ wò rèé, bí mo ṣe tò ó yìí ni kẹ́ ẹ máa tò ó.

Èkíní, ara bátìrì. Ẹ má fi ilà orí dáṣíbọ́ọ̀dù nìkan ṣe ẹ̀rí, nítorí àwọn kan mọ bí wọ́n ṣe ń tún un tò kó lè hàn bíi pé ó pé fúngbà díẹ̀. Ẹ̀rọ pẹlẹbẹ kan wà tí à ń kì bọ abẹ́ sítíárì, tó ń bá fóònù sọ̀rọ̀, á sì sọ iye agbára tó kù gan-an. Ti Leaf, LeafSpy lorúkọ ohun tí à ń lò lórí fóònù. Tí kò bá sí ìyẹn, ẹ ní kí wọ́n fi iná kún inú rẹ̀, kẹ́ ẹ wà á ní kìlómítà 30 lójú ọ̀nà tẹ́ ẹ mọ̀, kẹ́ ẹ wo iye tó lọ. Tí ìdajì bá ti lọ, ẹ kí oníṣòwò náà pé ó dàbọ̀.

Èkejì, ọ̀nà tiyín. Ẹ ka iye kìlómítà tẹ́ ẹ ń rìn lóòjọ́, kẹ́ ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po méjì. Mọ́tò tí kò bá lè rìn tó bẹ́ẹ̀ kì í ṣe tiyín. Ẹ̀rọ amúlétutù inú mọ́tò ń jẹ nínú iná bátìrì kan náà, ẹrù ń jẹ nínú rẹ̀, òkè Abẹ́òkúta wa yìí náà ń jẹ nínú rẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀, á dá díẹ̀ padà, àmọ́ kì í dá gbogbo rẹ̀ padà.

Ẹ̀kẹta, ooru. Ooru lọ̀tá bátìrì. Bátìrì àwọn Leaf tí mò ń sọ yìí ò ní omi tó ń tù ú lára. Ìpínlẹ̀ Arizona ní Amẹ́ríkà, ilẹ̀ ooru ni, ní ọdún 2012 àwọn tó ra Leaf níbẹ̀ figbe ta pé ilà bátìrì àwọn ti ń já kí mọ́tò tó pé ọdún méjì. Láti ti ọdún 2015 ni Nissan ti yí èròjà inú bátìrì náà padà kó lè fara da ooru. Nítorí náà, tó bá jẹ́ Leaf yúníìtì 24 lẹ fẹ́ rà, ẹ bèèrè ti ọdún 2015 sókè. Chevrolet Bolt ní omi tó ń tu bátìrì rẹ̀ lára, àmọ́ ní ọdún 2021 ilé iṣẹ́ tó ṣe é pe gbogbo Bolt padà nítorí pé bátìrì rẹ̀ lè gbiná. Ẹ bèèrè ìwé tó fi hàn pé wọ́n ti ṣe àtúnṣe yẹn kí mọ́tò tó kúrò lọ́hùn-ún.

Ẹ̀kẹrin, ẹnu tó fi ń gba iná, àti wáyà rẹ̀. Oríṣi ẹnu ló wà: ti Amẹ́ríkà àti Japan yàtọ̀, ti Yúróòpù yàtọ̀, ti Ṣáínà náà yàtọ̀. Kí wáyà tó bá ẹnu náà mu wà nínú búùtù kẹ́ ẹ tó sanwó. Kẹ́ ẹ sì ka nǹkan tí wọ́n kọ sára rẹ̀. Àwọn kan tó bá mọ́tò Amẹ́ríkà wá, fólítì 120 nìkan ni wọ́n ṣe wọ́n fún. Iná tiwa lé ní 220. Ẹ kì í bọ ojú ìhò wa, ẹ ti sun ún nìyẹn, ó sì lè sun ilé mọ́ ọn.

Ẹ̀karùn-ún, iná ilé yín. Tẹ́ ẹ bá kì í bọ ojú ìhò inú ilé, bíi yúníìtì 2 ló ń wọ inú rẹ̀ ní wákàtí kan, yúníìtì kan sì ń gbé e rìn tó bíi kìlómítà 5. Ẹni tí NEPA ń fún ní wákàtí mẹ́rin, bíi kìlómítà 40 ló rí gbà. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé "I better pass my neighbour", ẹ̀rọ kékeré yẹn ò lè gbé e rárá. Jẹnẹrétọ̀ ńlá lè gbé e, àmọ́ epo lẹ tún padà ń rà yẹn.

Ẹ̀kẹfà, ìjàǹbá àti omi. Ọ̀pọ̀ tọ́kùnbọ̀ ló jẹ́ èyí tó ti forí sọ nǹkan tàbí tí àgbàrá ti gbé. Lẹ́yìn ìjì Ian tó jà ní Florida ní ọdún 2022, mọ́tò oníná tí omi òkun ti bò gbiná lẹ́yìn tí omi ti fà. Ẹ ṣí kápẹ́ẹ̀tì, ẹ wo abẹ́ àga fún ìpẹtà àti iyanrìn, kẹ́ ẹ wo abẹ́ ikùn rẹ̀ bóyá ó ti tẹ̀.

Èkeje, ọwọ́ tó máa tún un ṣe. Wáyà aláwọ̀ ọsàn tẹ́ ẹ bá rí nínú rẹ̀, iná fólítì tó lé ní 300 ló ń gbà á kọjá. Èmi tí mo ti ṣe iṣẹ́ yìí lé ní ọgbọ̀n ọdún, mi ò jẹ́ fọwọ́ kan án, ẹ má sì gbà kí ọmọ iṣẹ́ kankan fi ọwọ́ lásán kàn án. Ẹ wá ẹni tó kọ́ ọ kẹ́ ẹ tó ra mọ́tò. Bátìrì kékeré fólítì 12 wà nínú rẹ̀ bíi ti mọ́tò yòókù, ìyẹn ni tiwa. Tó bá kú, mọ́tò ò ní tan, ẹ má sì jẹ́ kẹ́nikẹ́ni gba owó ńlá lọ́wọ́ yín nítorí ìyẹn.

Ojú dáṣíbọ́ọ̀dù gbàgẹ̀dẹ̀, àga aláwọ, kámẹ́rà ẹ̀yìn, gbogbo ìwọ̀nyẹn dáa, àmọ́ wọn ò gbé ẹnikẹ́ni dé ọjà.

Kẹ́ ẹ má bàa rò pé mò ń lé yín sá, ẹ gbọ́ èyí. Ẹni tó ń rìn kìlómítà 30 lóòjọ́ nínú ìlú, tí ilé rẹ̀ wà ládùúgbò Band A, yúníìtì 6 ló máa lò. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, tí wọ́n sọ iná Band A di 225 náírà ní yúníìtì kan, 1,350 náírà nìyẹn. Mọ́tò elépo tó ń fi lítà kan rin kìlómítà 10 á mu lítà 3, ní iye tí epo kọjá lọ́dún náà, ó lé ní 3,000 náírà. Fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, kódà Leaf onílà 8 tí àbúrò mi fi sílẹ̀ yẹn lè jẹ́ ọjà rere, tí wọ́n bá ta á ní iye tó yẹ bátìrì tó ti gbó.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Owó àjọ kì í ṣe owó tí à ń fi dán nǹkan wò, òógùn ojú ẹni ni. Tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ wá wo mọ́tò oníná, ẹ jẹ́ kí wọ́n fi bátìrì hàn yín ná kẹ́ ẹ tó wo àwọ̀ rẹ̀. Ọlọ́run ò ní jẹ́ ká ra ìyọnu o.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Bàbá Réwáyà, Abẹ́òkúta.