Owó páànù ni wọ́n fi wọkọ̀ ojú omi

Ọ̀rọ̀ náà ò kọ́kọ́ wọ ẹnikẹ́ni létí nígbà tó jáde ní Ojú-Ọrẹ, l'Ọ́tà, lọ́dún 2013. Wọ́n ní ìyá ìbejì tó ń ta aṣọ lẹ́bàá ọ̀nà Ìdírókò ti gbé èésú ẹ̀, àmọ́ kò fẹ́ fi ra páànù. Wọ́n ní òun pẹ̀lú ọkọ ẹ̀ àtàwọn ọmọ fẹ́ lọ wọ ọkọ̀ ìgbafẹ́ ojú omi lọ́hùn-ún, nítòsí Amẹ́ríkà. Bẹ́ẹ̀ ilé tí tọkọtaya náà ń kọ́ lọ́wọ́ kò tíì ní òrùlé o! Koríko ti hù nínú pálọ̀, alángbá ló ń gbé yàrá. Àwọn kan ní orí obìnrin náà ti yí. Àwọn mìíràn ní ọkọ ẹ̀ ni kò lẹ́nu nílé. Nígbà tí ọ̀rọ̀ dé Ìpókíá, ìyá ọkọ wọ mọ́tò, ó di Ojú-Ọrẹ.

Màmá ò tíì jókòó tó fi bẹ̀rẹ̀. "Ìyàwó mi, ṣé òkun tó kó àwọn èèyàn wa lọ tí wọn ò padà wálé mọ́ lo fẹ́ kó ọmọ mi lọ bá? Ṣé páànù ò dára ni?"

Orí ìkúnlẹ̀ ni ìyá ìbejì wà. Ó ní, "Ẹ má bínú, Màámi. Páànù dára. Ẹ jẹ́ n ka nǹkan kan sí yín létí." Ló bá dìde, ó lọ mú ìwé iléèwé Kẹ́hìndé wá.

Tíṣà ló ní kí wọ́n kọ̀wé nípa bàbá wọn. Táyé kọ odindi ojú ìwé kan. Ti Kẹ́hìndé ò ju ìlà mẹ́ta lọ. Ó ní bàbá òun ga. Ó ní bàbá òun ń ṣiṣẹ́ ní fáktìrì. Ó ní bàbá òun máa ń sùn. Ó parí.

Ẹni tó bá ń gbé Ọ̀tà á mọ ohun tí ọmọ náà ń sọ. Bàbá ìbejì ló ń tún ẹ̀rọ ṣe ní iléeṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń ṣe ike, ọdún kẹtàdínlógún ẹ̀ níbẹ̀ nìyẹn. Ṣíìfù mẹ́ta ni wọ́n ń ṣe: àárọ̀, ọ̀sán àti òru. Tó bá jẹ́ ti òru, àwọn ọmọ á ti lọ síléèwé kó tó dé. Tó bá jẹ́ ti ọ̀sán, wọ́n á ti sùn. Ti àárọ̀ tó yẹ kí wọ́n fi ríra wọn, ẹ̀rọ kan á tún dẹnu kọlẹ̀ lálẹ́, wọ́n á fi fóònù pè é padà. Tó bá gba líìfù, ìdí ilé tí wọ́n ń kọ́ ló máa ń wà. Ọmọ ọdún mọ́kànlá làwọn ìbejì nígbà náà. Ìyá wọn ní ibi tí fóònù ò ti ní í ràn ni òun ń wá.

Obìnrin méjìlá ló wà nínú èésú náà. ₦50,000 ni ẹnì kọ̀ọ̀kan ń dá lóṣù, ₦600,000 sì lẹni tó bá kàn ń gbé. Dọ́là kan ò ju nǹkan bíi ₦160 lọ nígbà yẹn, owó náà sì tó bíi dọ́là 3,750. Àbúrò ìyá ìbejì tó ń gbé Miami ní òun á gbà wọ́n sílé, òun á sì san owó bàálù àwọn ọmọ. Bàbá ìbejì yá owó lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù fún ti àwọn àgbà. Físà tí wọ́n lọ tọrọ ní Victoria Island, èyí téèyàn lè fi wọlé ju ẹ̀ẹ̀kan lọ ni wọ́n ń fẹ́. Ìdí ni pé ọkọ̀ tó bá gbéra ní Miami lọ sí Bahamas, Amẹ́ríkà náà ló tún ń padà sí. Ọlọ́run bá wọn ṣe é, wọ́n fún àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Ọjọ́ mẹ́rin, òru mẹ́ta ni ìrìnàjò náà. Ọkọ̀ ọ̀hún ga bí ilé alájà mẹ́wàá. Kó tó ṣí, wọ́n kó gbogbo èrò jọ, wọ́n fi ibi tí kálukú máa sá sí hàn wọ́n bí ewu bá dé. Oúnjẹ pọ̀ bí ilẹ̀ bí ẹní, ọ̀fẹ́ sì ni, àmọ́ ọ̀pọ̀ ohun mímu lówó lórí. Wọn kì í sì í gba owó lọ́wọ́ ẹni. Káàdì ni wọ́n ń fà, gbèsè á máa gorí gbèsè títí di ọjọ́ tí wọ́n máa sọ̀ kalẹ̀. Ìyá ìbejì kìlọ̀ fáwọn ọmọ ẹ̀ pé omi ni kí wọ́n máa mu.

Lóru ọjọ́ kìíní, bàbá ìbejì ò sùn. Ìró ẹ́ńjìnnì ló ń gbọ́. Nígbà tó di aago mẹ́rin ìdájí, ó dìde, ó ń wá bàtà iṣẹ́. Ìyàwó ẹ̀ bi í pé, "Bàbá ìbejì, níbo?" Ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ó bú sẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ kejì, ó bọ́ sínú adágún omi tó wà lórí ọkọ̀, ó sì lúwẹ̀ẹ́ lọ lúwẹ̀ẹ́ bọ̀. Háà ló ṣe àwọn ìbejì. Wọn ò mọ̀ pé bàbá wọn mọ̀wẹ̀! Ibẹ̀ ló ti sọ fún wọn bí òun ṣe ń dẹ́kun ẹja nígbà tóun wà lọ́mọdé ní Ìpókíá, ìtàn tí kò sọ fún wọn rí.

Nígbà tí wọ́n sọ̀ ní Nassau, olú-ìlú Bahamas, wọ́n gun àtẹ̀gùn 65 tí wọ́n ń pè ní Queen's Staircase. Àwọn ẹrú ló gbẹ́ ẹ sínú àpáta ní bíi 1790 sí i. Wọ́n kọjá níwájú Vendue House, níbi tí wọ́n ti ń ta èèyàn láyé ọjọ́un. Ní Straw Market, ìyá ìbejì ń ná agbọ̀n lọ́wọ́ nígbà tí obìnrin tó ń tà á sọ fún ẹnìkejì ẹ̀ pé oṣù tó ń bọ̀ lòun máa gba "asue" òun. Ìyá ìbejì bi í pé kí nìyẹn. Obìnrin náà ní owó kan náà ni gbogbo wọn ń dá, ẹnì kan á sì kó o. Ìyá ìbejì pariwo, "Èésú nìyẹn!" Trinidad náà ní tiẹ̀, "susu" ni wọ́n ń pè é.

Obìnrin náà kò jẹ́ kí wọ́n lọ bọ̀rọ̀. Ó sọ fún wọn pé lẹ́yìn tí Gẹ̀ẹ́sì fòfin de òwò ẹrú lọ́dún 1807, ọkọ̀ ogun wọn máa ń dá ọkọ̀ ẹrú dúró lójú òkun. Bahamas ni wọ́n já ọ̀pọ̀ èèyàn tí wọ́n bá nínú ẹ̀ sí, Yorùbá sì wà lára wọn. Ó ní àdúgbò kan wà ní Fox Hill nígbà kan, Nango Town lorúkọ ẹ̀. Bàbá ìbejì dákẹ́ lọ gbári. Ànàgó lòun náà, Ìpókíá ni wọ́n ti bí i. Ó di ọwọ́ àwọn ọmọ ẹ̀ méjèèjì mú, kò sì fi wọ́n sílẹ̀ títí wọ́n fi dé ìdí ọkọ̀.

Nígbà tí wọ́n padà délé, òun fúnra ẹ̀ ló lọ sọ fún Màmá ní Ìpókíá. Màmá tẹ́tí títí ó fi sọ ọ́ tán. Kò dárúkọ páànù mọ́. Ohun tó bi í ò ju ẹyọ kan lọ: "Ṣé o bá mi kí wọn?"

Àmọ́ páànù ò dúró dè wọ́n o. Ọdún 2015 ni wọ́n tó rí ilé náà kàn, èésú mìíràn náà ni. Owó páànù ti gbẹ́nu sókè, wọ́n sì ní láti ra èyí tó fúyẹ́. Lọ́dún 2016, nígbà tí dọ́là kọjá ₦300, iléeṣẹ́ náà dín òṣìṣẹ́ kù, bàbá ìbejì sì wà lára àwọn tí wọ́n ní kó máa lọ. Àwọn tó ń sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀ tún rí ọ̀rọ̀ sọ, wọ́n ní owó tí wọ́n ná sórí omi ì bá wúlò. Kì í ṣe irọ́, ebi pa wọ́n lọ́dún náà.

Ọ̀nà yẹn gan-an ti dí. Ní oṣù keje ọdún 2025, Amẹ́ríkà kéde pé físà ìgbafẹ́ tí wọ́n bá fún ọmọ Nàìjíríà, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n máa fi wọlé, láàárín oṣù mẹ́ta. Ẹni tó bá fi irú ẹ̀ wọkọ̀ kúrò ní Miami, kò lè fi padà wọlé.

Bí ẹnikẹ́ni bá bi ìyá ìbejì títí dòní pé ṣé kò kábàámọ̀ owó náà, èsì kan náà ló máa ń fọ̀. Á ní, "Páànù ń bẹ lọ́jà lójoojúmọ́, bó wọ́n, bó pọ̀. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ò sí lọ́jà."