Àwòrán Ọwọ́

Ní àdúgbò Auckland Park, ní ìlú Johannesburg, ni ilé ìwòsàn Helen Joseph wà. Orúkọ Strijdom ni ó ń jẹ́ ní ayé ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà. Lẹ́yìn 1994 ni wọ́n yí i padà. Strijdom yìí kan náà ni olórí ìjọba tí nǹkan bí 20,000 obìnrin wọ́ tọ̀ lọ sí Pretoria ní ọjọ́ 9 oṣù kẹjọ, ọdún 1956, tí Helen Joseph àti àwọn aṣáájú yòókù fi ọwọ́ ara wọn gbé ìdì ìwé ẹ̀hónú lọ sí ọ́fíìsì rẹ̀. Ayé ń yí!

Irú ilé ìwòsàn ńlá bẹ́ẹ̀, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ti Yunifásítì Witwatersrand ti ń kọ́ iṣẹ́, ni ó yẹ kí alárùn làkúrègbé kọrí sí kí ìka rẹ̀ tó wọ́. Làkúrègbé tí à ń wí kì í ṣe ti ogbó. Agbára tí ara fi ń lé àrùn ni ó ṣìnà, tí ó dojú ìjà kọ awọ inú oríkèé. Awọ náà á wú, á máa jẹ kerekere, á sì jẹ dé eegun. Ó ń mú obìnrin ju ọkùnrin lọ. Olùkọ́ obìnrin tí ó bá jí láàárọ̀, tí ìka ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì kọ̀ láti ká mọ́ ṣọ́ọ̀kì, kí ó má ṣe pè é ní àárẹ̀ lásán.

Nígbà kan rí, àwọn oníṣègùn rò pé àrùn yìí ṣọ̀wọ́n láàrin àwọn aláwọ̀ dúdú. Ìwádìí tí Solomon àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ jáde ní 1975 fi hàn pé òótọ́ ni ó ṣọ̀wọ́n ní abúlé, ṣùgbọ́n ní Soweto, lẹ́bàá Johannesburg, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pọ̀ tó ti ilẹ̀ àwọn Òyìnbó.

Ní oṣù kejìlá ọdún 1895, Röntgen ya àwòrán eegun ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ ní ilẹ̀ Jámánì, tòun ti òrùka ìka rẹ̀. Títí di òní, àwòrán X-ray ti ọwọ́ àti ti ẹsẹ̀ ni dókítà làkúrègbé ń béèrè. Ó ń wá ibi tí eegun ti jẹ bí igi tí ikán mú, àti ibi tí àlàfo àárín eegun méjì ti ń fún. Sharp gbé ọ̀nà ìṣirò kan kalẹ̀ ní 1971, van der Heijde sì tún un ṣe ní 1989: a ń fún oríkèé kọ̀ọ̀kan ní máàkì, gbogbo rẹ̀ sì lè di 448. Olùkọ́ yóò rẹ́rìn-ín, nítorí ẹni tí ó gba òdo ni ó ṣe dáadáa jù.

Ṣùgbọ́n àwòrán kan ṣoṣo kò sọ púpọ̀. Ìrora pàápàá ń tanni jẹ: oògùn apaniláralẹ̀ lè mú un rọlẹ̀, kí eegun sì máa jẹ lọ lábẹ́ awọ. Àwòrán ti èṣí àti ti ọdún yìí ni ó lè sọ bóyá oògùn bíi methotrexate ń ṣiṣẹ́, tàbí ó yẹ kí a pààrọ̀ rẹ̀. X-ray náà ní àbùkù. Nígbà tí ó bá fi ihò hàn, eegun ti lọ ná. Ẹ̀rọ olóòfà ńlá a máa rí wíwú kí ihò tó wà, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ ga. Ẹ̀rọ tí ń fi ìró wo ọmọ inú aboyún náà lè rí i, kò sì wọ́n tó bẹ́ẹ̀.

Owó tí àwọn ènìyàn kì í fẹ́ ná jù ni owó àwòrán àkọ́kọ́, nígbà tí ọwọ́ ṣì dá ṣáká. Ẹ wo bí wọ́n ti ṣìnà tó! Àwòrán yẹn ni dókítà yóò gbé sí ẹ̀gbẹ́ tuntun lẹ́yìn ọdún kan, tí yóò máa wá ihò kékeré kan ní oríkèé ìka ìfábẹ̀lá. Bí kò bá rí i, obìnrin náà á gba oògùn rẹ̀, á sì padà sídìí pátákó ìkọ̀wé rẹ̀.