Lẹ́tà sí Ọmọ Mi Tó Fẹ́ Fi Jíìpù Fa Ọkọ̀ Ojú Omi Wálé

Máhìntẹ̀dó,
Ìpínlẹ̀ Oǹdó.

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Àbúrò rẹ fi fọ́tò tí o fi ránṣẹ́ láti Èkó hàn mí. Ọkọ̀ ojú omi náà wù mí gan-an. Jíìpù tí o so ó mọ́ ni kò tẹ́ mi lọ́rùn: ìdí rẹ̀ ti rì, imú rẹ̀ ń wo òkè. O ní mẹkáníìkì rẹ fẹ́ ki rọ́bà bọ sípíríǹgì ẹ̀yìn. Jọ̀ọ́, má tíì san kọ́bọ̀ fún un.

Ìdí tó rì kọ́ ló bà mí lẹ́rù, iwájú tó gbéra ni. Táyà iwájú ni sitiárì ń darí, òun náà ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ bíréèkì. Bí ìwọ̀n bá kúrò lórí rẹ̀, o lè yí sitiárì kí jíìpù má dá ọ lóhùn, pàápàá nínú òjò. Bílẹ̀ bá ṣú, iná rẹ á máa tàn sójú ẹni tó ń bọ̀. O sì mọ bí àwọn tírélà ṣe ń sáré láàrin Ṣágámù àti Ọ̀rẹ̀.

O mọ bí a ṣe ń di ẹrù sínú ọkọ̀ ojú omi ní Igbókòdá. Bí a bá kó gbogbo àpò jọ sẹ́yìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì, imú ọkọ̀ á dìde, awakọ̀ kò ní rí iwájú, omi á sì máa gba ẹ̀yìn wọlé. Kò sẹ́ni tó ń tìtorí ìyẹn ra pákó kún ọkọ̀. Ẹrù ni à ń sún.

Nítorí náà, kọ́kọ́ wọn ohun tó ń tẹ ìkọ́ jíìpù. Yá òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn àpò lọ́jà, kí o gbé imú kẹ̀kẹ́ tó ru ọkọ̀ ojú omi náà lé e lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú. Bí kẹ̀kẹ́ àti ẹrù orí rẹ̀ bá jẹ́ 1,000 kílò, bíi 100 sí 150 ló yẹ kó tẹ ìkọ́. Bó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, sún ọkọ̀ ojú omi náà sẹ́yìn díẹ̀. Má sún un jù o! Bí imú kẹ̀kẹ́ bá fúyẹ́, ìdí rẹ̀ á máa jù sọ́tùn-ún sósì lórí eré, ìyẹn sì burú ju rírì lọ. Gbọ́n omi inú ọkọ̀ ojú omi náà dànù pẹ̀lú. Lítà kan, kílò kan ni.

Lẹ́yìn náà, ṣí ilẹ̀kùn awakọ̀. Jíìpù tòkunbọ̀ láti Amẹ́ríkà máa ń ní bébà kan níbẹ̀ tó sọ iye kílò tí èrò àti ẹrù kò gbọdọ̀ kọjá. Ìwọ, ìyàwó rẹ, àwọn ọmọ, àpò ẹ̀wà tí ìyá rẹ ní kí o rà, àti ohun tó ń tẹ ìkọ́, inú iye yẹn ni gbogbo wọn wà. Àwọn èèyàn rò pé nígbà tí kẹ̀kẹ́ ti ní táyà tirẹ̀, kò tún di jíìpù lẹ́rù mọ́. Irọ́ ni. Iye tí jíìpù lè fà, ìwé tó bá a wá ló máa sọ ọ́.

Bó bá ṣì ń rì lẹ́yìn èyí, ó ṣeé ṣe kí sípíríǹgì ẹ̀yìn ti rẹ̀. Pààrọ̀ méjèèjì pọ̀. Má jẹ́ kí wọ́n ta ṣọ́ọ̀kì nìkan fún ọ: ṣọ́ọ̀kì lásán kì í gbé ẹrù, jíjó jíìpù ló ń dá dúró. Báágì afẹ́fẹ́ tí wọ́n ń fi sínú sípíríǹgì sàn ju rọ́bà lọ, àmọ́ kò fi kílò kan kún ohun tí jíìpù lè gbé.

Fi téèpù wọn gíga láti ilẹ̀ dé etí irin tó wà lókè táyà, níwájú àti lẹ́yìn, kí o tó so kẹ̀kẹ́ mọ́ ọn, kí o sì tún un wọ̀n lẹ́yìn tí o bá so ó. Mo bẹ̀ ọ́, fi iye rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi kí o tó kúrò l'Ékòó. Bí iwájú bá ṣì gbéra púpọ̀, háyà lọ́rì kó gbé ọkọ̀ ojú omi náà wá, èmi yóò san ìdajì owó rẹ̀.

Èmi ni,
Bàbá rẹ.