Èèwọ̀ Àjọkẹ́

Ọmọ mi obìnrin kì í jẹ ẹ̀pà. Tí mo bá sọ ọ́ báyìí, àwọn èèyàn máa ń rò pé kò kàn fẹ́ràn ẹ̀ ni, bí àwọn ọmọ kan ò ṣe fẹ́ràn ẹ̀wà. Rárá o. Tí ẹ̀pà bá kan ẹnu rẹ̀, láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ ètè rẹ̀ á wú, ara rẹ̀ á lé kókókó bí ẹni tí ẹ̀fọn jẹ mọ́jú, á máa bì, mímí á sì wá di iṣẹ́. Ẹ̀ẹ̀mejì la ti rí i: ìgbà tó wà ní oṣù mẹ́sàn-án, àti ìgbà tó lé díẹ̀ lọ́mọ ọdún méjì. Ó máa pé ọdún márùn-ún láìpẹ́. A ò fẹ́ rí ẹlẹ́ẹ̀kẹta.

Ẹ ò lè mọ bí ẹ̀pà ṣe pọ̀ tó nílùú Èkó yìí àfi tí ẹ bá ní ọmọ tí kò gbọdọ̀ jẹ ẹ́. Èyí tó wà nínú gàrí, èyí tó tẹ̀lé bọ̀ọ̀lì àti gúgúrú, èyí tí wọ́n rọ sínú ìgò tí wọ́n ń tà nínú sún-kẹrẹ fà-kẹrẹ, ìyẹn ò burú, ojú rí wọn. Èyí tó fara pamọ́ ni kì í jẹ́ kí n sùn. Kúlíkúlí lílọ̀ wà nínú yájì tí wọ́n fi ń pa sùyà lára. Tom Brown tí wọ́n ní kí àwọn ìyá máa fún ọmọ tó bá fẹ́ já lẹ́nu ọmú, àgbàdo, sóyà àti ẹ̀pà ni wọ́n sábà máa ń yan tí wọ́n á lọ̀ pọ̀. Òun gan-an la fi kọ́kọ́ pàdé ọ̀rọ̀ yìí. (Ẹni tó bá gbọ́ orúkọ yẹn á rò pé tíṣà òyìnbó kan ni.) Òróró ẹ̀pà náà ní tiẹ̀. Èyí tí ilé iṣẹ́ ńlá bá yọ́ mọ́ kanlẹ̀, purotéènì tó ń fa wàhálà kì í sábà kù nínú ẹ̀. Èyí tí wọ́n fọwọ́ fún, ó kù síbẹ̀. Ẹ lọ bi alákàrà àdúgbò yín léèrè irú èyí tó wà nínú agbada ẹ̀. Mo ti bi tiwa rí. Ó ní, “Bọ̀dá, òróró ni.”

Ibi ìlọta tún wà níbẹ̀. Ata tiwa, ẹ̀wà alákàrà, Tom Brown ìyá ọlọ́mọ tuntun, ẹnu ẹ̀rọ kan náà ni gbogbo wọn ń gbà kọjá. Àwọn ibòmíì ní ẹ̀rọ ọ̀tọ̀ fún nǹkan gbígbẹ, ti àdúgbò wa ò ní. Omi díẹ̀ tí ìyá tó ń lọ ata máa ń dà sí i láti fi ṣàn án, kò tó. Nítorí náà a ra bùléńdà, tí iná bá dé, ata ọ̀sẹ̀ kan là ń lọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Sọ́fítíwíà ni mò ń kọ, ilé ni mo sì ti ń ṣiṣẹ́, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé èmi ni mò ń di oúnjẹ ilé ìwé ẹ̀. Nídìí iṣẹ́ wa, tí èèyàn bá fẹ́ ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, ọgbọ́n méjì ló wà: kó kọ orúkọ àwọn tí kò gbọdọ̀ wọlé, tàbí kó kọ orúkọ àwọn tó lè wọlé, kó sì tilẹ̀kùn mọ́ ìyókù. Èkejì ló le, òun ló dájú. Bébà kan wà lára fìríìjì wa, oúnjẹ mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló wà lórí ẹ̀. Ohun tí kò bá sí níbẹ̀ kò gbọdọ̀ wọ inú báàgì rẹ̀. Ìyàwó mi ní mo ti sọ ọmọ òun di kọ̀ǹpútà.

Àjọkẹ́ ni ìyá mi ń pè é. Ẹ mọ ìtumọ̀ ẹ̀, ẹni tí a jọ kẹ́. Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé ẹnu ni Yorùbá ti máa ń kẹ́ ọmọ. Ìyá tó ń tajà nísàlẹ̀ ilé wa, àwọn akọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì, ọ̀gá mẹkáníìkì, kò sẹ́ni tó rí i tí kì í na nǹkan sí i. Ìfẹ́ ni. Ẹ wá gba nǹkan ọ̀hún lọ́wọ́ ọmọ, kí ẹ dá a padà fún ẹni tó fún un, kí ẹ wo bí ojú á ṣe yí.

Lọ́dún àkọ́kọ́, “álájì” ni mò ń sọ fún wọn. Àríyànjiyàn ni ọ̀rọ̀ yẹn ń bí. Ẹnìkan á ní àìsàn òyìnbó ni, ẹlòmíì á ní ṣebí ẹ̀pà lòun jẹ dàgbà, ẹlòmíì á fọgbọ́n bi mí pé, díẹ̀ ńkọ́? Ìyá mi ló bá mi yanjú ẹ̀. A lọ síbi ìsìnkú kan l'Ógbòmọ̀ṣọ́, ìyá arúgbó kan sì bu ẹ̀pà sọ́wọ́ ọmọ. Kí n tó dìde, ìyá mi ti wí láti ibi tí wọ́n jókòó sí: “Ẹ gbà á lọ́wọ́ ẹ̀ o, èèwọ̀ ẹ̀ ni!” Ìyá náà ò bèèrè nǹkan kan. Wọ́n gba ẹ̀pà, wọ́n fi etí ìró wọn nu ọmọ lọ́wọ́, wọ́n tún ní kó máà bínú.

Mo ti ń fi Gẹ̀ẹ́sì jà fún ọdún kan, ọ̀rọ̀ tí gbogbo èèyàn ń bọ̀wọ̀ fún sì ti wà nílẹ̀. Àwọn ọlọ́bàtálá kì í mu ẹmu, mi ò sì tíì gbọ́ ẹni tó ní kí wọ́n tọ́ ọ wò díẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà lẹ́gùn-ún tiẹ̀. Èèwọ̀ a máa ní ìdí, a sì máa ní ètùtù. Àbúrò bàbá mi kan pè mí sẹ́yìn ilé lọ́jọ́ yẹn, wọ́n bi mí bóyá ìdílé ìyàwó mi ló ti wá. Mo ní, “Rárá sà. Ohun tó ń bá àìsàn jà nínú ara ẹ̀ ló ṣi ẹ̀pà mú, ó rò pé ọ̀tá ló wọlé.” Mo fi kún un pé àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Faransé, Charles Richet àti Paul Portier, ti fún irú ìjà ara bẹ́ẹ̀ lórúkọ láti 1902, pé kì í ṣe ohun àná. Wọ́n mirí. Mi ò mọ̀ bóyá wọ́n gbà mí gbọ́.

Ìbéèrè tí ìyá mi máa ń bi mí ló jinlẹ̀ jù: “Àkànní, ṣé ẹ ò lè máa fún un díẹ̀díẹ̀ kí ara ẹ̀ lè mọ́ ọn ni?” Mi ò lè fi ìbéèrè yẹn ṣeré. Ní 2015, Gideon Lack àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní King's College London gbé èsì ìwádìí LEAP jáde. Ọmọ ọwọ́ 640 ni, tí éksímà líle tàbí álájì ẹyin ń dà láàmú. Wọ́n ní kí àwọn kan máa jẹ ẹ̀pà, kí àwọn tó kù yàgò fún un, títí wọ́n á fi pé ọmọ ọdún márùn-ún. Láàárín àwọn tí àyẹ̀wò awọ ò fi nǹkan hàn lára wọn níbẹ̀rẹ̀, 13.7 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó yàgò ló wá ní álájì ẹ̀pà. Nínú àwọn tó jẹ ẹ́, 1.9 ni. Ṣùgbọ́n ìyẹn wà fún kó má bàa ṣẹlẹ̀, tiwa sì ti ṣẹlẹ̀. Fún èyí tó ti ṣẹlẹ̀, ní 2020 ni àjọ FDA ti Amẹ́ríkà fọwọ́ sí oògùn kan tó jẹ́ ẹ̀pà lílọ̀ gan-an, fún ọmọ ọdún mẹ́rin sókè. Mílígíráàmù ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n, ojú dókítà ni wọ́n sì ti ń bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Ṣíbí ìyá àgbà ò ní mílígíráàmù lára. Mo ṣàlàyé gbogbo ẹ̀ fún wọn. Wọ́n ní, “Ó dáa, ṣùgbọ́n èmi ni mo kọ́kọ́ sọ ọ́.”

Ẹ̀kọ́ tí mo rò pé ó máa le jù fún Àjọkẹ́ ni bó ṣe máa kọ oúnjẹ fún àgbàlagbà. Kò le rárá, torí ẹ̀kọ́ ilé wa ti ní in tẹ́lẹ̀. Ẹ̀yin náà ẹ rántí ojú tí ìyá yín máa ń wò yín tí wọ́n bá gbé oúnjẹ síwájú yín nílé onílé. Ojú yẹn ni ìyàwó mi ń lò. Ní báyìí, tí wọ́n bá fún ọmọ ní nǹkan, á kúnlẹ̀, á ní, “Ẹ ṣé mà. Ṣé ẹ̀pà wà nínú ẹ̀ mà?” Ìdáhùn tó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú “mi ò rò pé”, kò ní gbà á.

Abẹ́rẹ́ ló kù. Dókítà kọ èyí tó dà bíi báírò fún wa, adrenaline 0.15 mg ló wà nínú ẹ̀, ẹ̀gbẹ́ itan ni wọ́n máa ń gún un sí, ó lè gba orí aṣọ wọlé. Ilé oògùn mẹ́ta tí a lọ kò ní in. Ẹni tó ń bọ̀ láti òkè òkun ló bá wa rà á. Kò gbọdọ̀ wọ fìríìjì, ooru tó bá ti kọjá 25°C náà ò sì dáa fún un, èwo wá ni yàrá l'Ékòó nínú oṣù kẹta tí kò síná? Fúláàsì kékeré kan là ń tọ́jú ẹ̀ sí, kò sí yìnyín nínú ẹ̀, a sì ń gbé e tẹ̀lé ọmọ kiri bíi báàgì kejì.

Oṣù kọkànlá ni èyí tó wà lọ́wọ́ wa máa pé ọjọ́ tí wọ́n kọ sí i lára. Ẹni tó máa mú òmíràn bọ̀, oṣù kejìlá ló ń wálé. Fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún yẹn, dókítà ní ká ní ìgò kékeré irú èyí tí wọ́n ń lò ní ọsibítù nílé, ó sì kọ́ àwa méjèèjì bí a ṣe máa fi sírínjì fa 0.15 ml nínú ẹ̀, ká tó gbé ọmọ sáré lọ sí ọsibítù. Tí Àjọkẹ́ bá ti sùn lálẹ́, a máa ń jókòó sí tábìlì ìdáná, a ó fa omi lásán, a ó gún un sínú ọsàn. Fóònù mi ló ń ka àkókò. Ìyàwó mi ti ń ṣe é láàárín ogójì ìṣẹ́jú àáyá. Èmi ṣì ń lò tó ìṣẹ́jú kan àtààbọ̀.