Àwọn Ayùn Àtijọ́ tí Mo Rí ní Òǹdó

Ẹni tí ó bá dé Òǹdó Èkìmọ̀gún kò ní pẹ́ mọ̀ pé ìlú oníkòkó àti alápákó ni òun wọ̀. Bí ọkọ̀ agégilódò ti ń kó gẹdú wọlé, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rọ ìlapákó ń ké ramúramù. Nígbà ìsinmi ilé-ẹ̀kọ́ tí ó kọjá, mo lo ọjọ́ mẹ́ta níbẹ̀ lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi tí ń ta pákó. Òun ni ó mú mi dé ọ̀dọ̀ bàbá àgbà kan tí ń tún ayùn ẹlẹ́ńjìnnì ṣe. Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ohun tí mo rí níbẹ̀ tó ìròyìn.

Ṣọ́ọ̀bù Bàbá kò tóbi, ṣùgbọ́n ayùn mọ́kànlélógún ni mo kà lórí pẹpẹ rẹ̀. Ọwọ́ àwọn agégi tí wọ́n ti fi iṣẹ́ sílẹ̀ ni ó ti rà wọ́n, kì í sì í tà wọ́n. Ó ní àwọn ni ìwé tí òun fi ń kọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́ òun: bí ẹnìkan bá gbé ayùn wá, òun yóò gbé irú rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, òun yóò sì fi wé e.

Ti Stihl, ará Jámánì, ni ó pọ̀ jù nínú wọn. Ní 1926 ni Andreas Stihl ṣe ayùn oníṣéènì tí iná mànàmáná ń yí; ní 1929 ó ṣe èyí tí ń lo bẹntiróòlù. Ní 1950 ni ó tó ṣe oníbẹntiróòlù tí ẹnìkan lè dá gbé. Ní 1959 ni Contra dé, èyí tí kò ní gíà láàárín ẹ́ńjìnnì àti ṣéènì. Bàbá ní Contra kan. Nígbà tí ó gbé e lé mi lọ́wọ́, ọrùn ọwọ́ mi fẹ́rẹ̀ẹ́ yẹ̀.

Ṣùgbọ́n èyí tí ń dá wàhálà sílẹ̀ lọ́jà ni 070 àti 090. Bí ìbejì ni wọ́n rí lójú. 090 lágbára jù, owó rẹ̀ sì ju ti èkejì lọ. Orúkọ tí a kọ sára ìdérí kò tó ẹ̀rí, nítorí ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe màgòmágó lè pààrọ̀ rẹ̀.

Bí a ti jókòó ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan gbé ayùn tí a kọ 090 sí lára wọlé, ẹni tí ń tà á sì tẹ̀lé e. Owó kòkó ìyá rẹ̀ àti owó àjọ ni ó wà lápò rẹ̀.

“Bàbá, ẹ káàsán o. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi wò ó kí n tó sanwó.”

Ẹni tí ń tà á ní ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ tú u. Bàbá rẹ́rìn-ín, ó ní: “Ọmọ mi, gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Bí a kò bá ní tú u, máa gbé e lọ.”

Nígbẹ̀yìn, wọ́n tú u. Bàbá wọn ihò sílíńdà, ó ní: “Tíṣà, 58 mìlímítà ni. Ẹ bá wa ṣe ìṣirò rẹ̀.” Mo mú ẹfun, mo kọ ọ́ sára pákó. Nínú àwọn méjèèjì, 40 mìlímítà ni písítìn ń rìn. Èyí tí ihò rẹ̀ fẹ̀ tó 58 yóò jẹ́ nǹkan bíi CC 106. 090 gidi fẹ̀ tó 66, òun ni CC 137. Ẹ̀wù 090 ni wọ́n wọ̀ fún 070! Olùtajà kò lè fọhùn mọ́.

Bàbá kò lé e. Ó ní 070 kì í ṣe ohun ẹ̀gàn, ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó fi ń la pákó nínú igbó. Kí wọ́n ṣáà san owó 070. Wọ́n ná an títí ó fi wọ̀, owó ìyá ọmọ náà kò sì ṣòfò. Kí ó tó lọ, Bàbá na ìka rẹ̀ kan tí ó kù sí ààbọ̀ sí i, ó kìlọ̀ pé ayùn àtijọ́ wọ̀nyí kò ní bíréèkì tí yóò dá ṣéènì dúró bí ó bá ta sókè.

Ẹ̀yin oníṣòwò, bí ẹnìkan bá ń ta ohun àlòkù fún yín, tí kò sì fẹ́ kí ẹ wo inú rẹ̀, ẹ ká owó yín padà sápò. Ẹ̀yin tíṣà ẹlẹgbẹ́ mi, bí àwọn ọmọ bá bi yín léèrè ohun tí ìṣirò òbírí wúlò fún, ẹ sọ ti ayùn yìí fún wọn.