Sáńpépà àti Ewé Eépín

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta ni mo gbé Pijó 504 funfun tí bàbá mi fi sílẹ̀ lọ sí ọ̀dọ̀ pẹ́ńtà kan ní Ìsọlọ̀, nítorí pé ọ̀dà rẹ̀ ti ṣá. Ọ̀gá náà ki sáńpépà oní-1500 bọ omi ọṣẹ, ó rọra ń fi ra ara ọkọ̀, omi sì ń ṣàn wálẹ̀ bí omi ògì. Lẹ́yìn náà ló mú oní-2000: bí nọ́ńbà bá ṣe ga tó ni yóò ṣe kúnná tó. Omi ni kì í jẹ́ kí eruku ọ̀dà dí i.

Nígbà tí ó gbé ẹ̀rọ ìdán, mo ní kí ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ etí bọ́nẹ́ẹ̀tì dáadáa. Ó kọ̀.

“Ẹ má bínú, ọ̀gá. Ọ̀dà kì í nípọn létí. Bí ẹ̀rọ bá gbóná síbẹ̀, irin á yọjú.”

Ọ̀dà tí bàbá mi kùn ún gbẹ̀yìn nìyẹn. Mo panu mọ́.

Mo bi í ní orúkọ Yorùbá tí sáńpépà ń jẹ́. Ó rẹ́rìn-ín: “Sáńpépà náà ni, ọ̀gá.” Bẹ́ẹ̀ ewé eépín, tí ara rẹ̀ rí ṣákiṣàki, ni àwọn agbẹ́gilére wa fi ń dán igi tipẹ́tipẹ́; ojú ọ̀nà ilé ni èmi pàápàá tó rántí rẹ̀.

Etí bọ́nẹ́ẹ̀tì náà ṣì ṣá díẹ̀. N kò fọwọ́ kàn án.