Àmì Eyín Lẹ́nu Ìkòkò Tábà

Èmi kì í fa tábà, ṣùgbọ́n ìkòkò tábà méje ni mo ti kó jọ. Ìlú Saint-Claude, láàrin àwọn òkè Jura ní ilẹ̀ Faransé, ni wọ́n ti gbẹ́ gbogbo wọn. Ìlẹ̀kẹ̀ àdúrà ni àwọn agbẹ́gi ìlú náà ń ṣe tẹ́lẹ̀. Láàrin ọdún 1850 sí 1860 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí fi bruyère ṣe ìkòkò. Kókó tó wú ní ìdí igi kan tó ń hù lágbègbè Òkun Mẹditaréníà ni bruyère. Wọn a sè é fún ọ̀pọ̀ wákàtí kí oje rẹ̀ lè jáde, wọn a sì fi í sílẹ̀ kí ó gbẹ fún oṣù púpọ̀. Ó le tó bẹ́ẹ̀ tí iná ń gbé inú rẹ̀ láìjẹ ẹ́ run.

Èyí tí iná kò kàn rí ni àwa akójọ sábà máa ń wá. Nítorí náà, nígbà tí mo ra ọ̀kan tí àmì eyín wà lẹ́nu rẹ̀, mo fi pépà oníyanrìn ha á títí ó fi jọ̀lọ̀. Ìgbà tí mo ṣe tán ni ojú tì mí. Ẹnìkan tí n kò mọ̀ ti fi eyín di ìkòkò yìí mú ní ọ̀pọ̀ ìrọ̀lẹ́. Àmì yẹn nìkan ló kù nípa rẹ̀ lọ́wọ́ mi, èmi ni mo sì pa á rẹ́.

N kò ha ìkòkò mọ́. Ẹni tó ra ohun àlòkù ti di alágbàtọ́ ẹni tó lò ó.